Ọjà ṣíà ń já, ti bánkì ń gòkè: kò yà mí lẹ́nu

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ọrọ̀ ajé ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí ìwé ìròyìn yín bá dé ìsọ̀ mi ní ọjà Ìpàtà, kí n tó fi ìyókù di ṣúgà fún oníbàárà (ẹ forí jì mí). Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé yín ní ọjà ṣíà (ìpín tí èèyàn ní nínú ilé iṣẹ́) ti já wálẹ̀, kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ tètè tà á. Kò pẹ́ tí Ìyá Àfúsá, tí ìsọ̀ wa kọjú síra, fi sáré dé. Ó fẹ́ ta ṣíà bánkì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Mo ní kó jókòó ná. A pe alágbàtà rẹ̀ lórí fóònù: ṣíà tó ń torí ẹ̀ gbọ̀n ti gòkè lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.

Iye kan ṣoṣo tí wọ́n kó ti gbogbo ṣíà pọ̀ ṣírò, tí wọ́n ń pè ní "ọjà" yẹn, bí ilé iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń wúwo tó nínú rẹ̀. Bí Dangote Cement, MTN tàbí àwọn ilé iṣẹ́ BUA bá já, wọ́n lè wọ́ gbogbo iye náà wálẹ̀ kí bánkì mélòó kan sì máa gòkè. Ìpàtà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ata kò bá wọlé láti òkè Ọya, gbogbo ayé á ní ọjà ti kú lónìí, èmi tó ń ta mílíìkì sì lè má tíì ráyè jẹun látàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kọ́. Ohun tó pa àwọn tó ń ṣe ọjà tí mò ń tà lára gan-an ló bọ́ bánkì. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 ti di nǹkan bíi 900 kí ọdún tó parí. Nestlé tó ń ṣe Milo àti Maggi jẹ gbèsè dọ́là: bílíọ̀nù 79.5 náírà ló pàdánù lọ́dún yẹn. MTN pàdánù bílíọ̀nù 137. Mo mọ̀ ọ́n lára nínú ìsọ̀. Èmi tí mo máa ń gbé páálí mẹ́wàá wá di onípáálí mẹ́ta, àwọn ìyá sì ń ra ti inú ọ̀rá kékeré fún ọmọ tó ń lọ ilé kéú. Àwọn bánkì ńlá, ní tiwọn, ní dọ́là lọ́wọ́ ju èyí tí wọ́n jẹ lọ, ìwé ìṣirò wọn wá ń sanra. Ó pọ̀ débi pé CBN, bánkì àgbà ilẹ̀ wa, ní kí wọ́n má ṣe fi irú èrè yẹn pín owó fún àwa tó ni ṣíà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èlé. Nítorí ọ̀wọ́n gógó, CBN gbé èlé tirẹ̀, èyí tí gbogbo bánkì ń wò, láti 18.75 nínú 100 ní oṣù keje 2023 dé 27.50 ní oṣù kọkànlá 2024. Ẹni tó yáwó ra ọjà ń sunkún. Àwọn olówó ńlá kúrò nínú ṣíà, wọ́n lọ ra tírésúrì bíìlì, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, èyí tó mú ju náírà 20 wá lórí 100 láàárín ọdún 2024. Ìyẹn náà tẹ ọjà ṣíà mọ́lẹ̀. Bánkì fi owó wa ra bíìlì yẹn. Àwa tó ni owó ńkọ́? Òfin ní èlé àkáǹtì ìfipamọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 ti CBN. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí 27.50 ìgbà yẹn: náírà 8 àti kọ́bọ̀ 25 lórí 100. Àlàfo àárín èyí àti ohun tí tírésúrì bíìlì ń mú wá ni bánkì ń jẹ, ibẹ̀ náà sì ni owó tí wọ́n ń pín fún wa ti ń wá. (Àáfà àdúgbò wa ní owó èlé ni gbogbo rẹ̀, kí n ta ṣíà bánkì tí mo ní lọ́wọ́ kíá. Èmi àti baálé mi ṣì wà lórí àríyànjiyàn yẹn.)

N kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré lọ rà o. Mo ra ti bánkì mìíràn kan ní 2007, nígbà tí a ń tò lórí ìlà torí fọ́ọ̀mù ṣíà. Iye gbogbo ọjà tó ti lé ní 66,000 ní oṣù kẹta 2008 bọ́ sí nǹkan bíi 20,000 láàárín ọdún kan, torí àwọn bánkì ti yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, owó náà kò sì padà wálé. Ìwé tèmi ni mo fi ń bo agolo.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá ń tẹ iye gbogbo ọjà jáde, ẹ tẹ ti àwọn bánkì sábẹ́ rẹ̀. NGX, ibi tí wọ́n ti ń ta ṣíà, ń ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá Àfúsá kò tíì tà á. Ó ní kí n máa fi ojú ewé yín pamọ́ fún òun, kí n wá nǹkan mìíràn tí n ó máa fi di ṣúgà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníprófísọ̀n,
Ọjà Ìpàtà, Ìlọrin