Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì: Ọjọ́ Tí A Wọ Ọkọ̀ Discovery ní Dundee

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ sì kú wàhálà àárọ̀ Sátidé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà wá já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. À ń rí yín, a sì mọ rírì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdánwò, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìwọlé wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fò lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wa sí Dundee ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, níbi tí a ti lọ wo Discovery, ọkọ̀ tó gbé Captain Scott àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, tó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, torí iṣẹ́ kan ṣì kù lórí rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa parí rẹ̀.

Nígbà tí a kéde rẹ̀ nínú ìpàdé òbí, bàbá kan dìde, wọ́n ní: "Ọ̀gá, Yorùbá la ní kí ẹ kọ́ wọn. Kí ló kan Yorùbá kan ọkọ̀ àwọn òyìnbó tó lọ há sínú yìnyín?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà kò gùn, ẹ jẹ́ kí n là á yékéyéké báyìí. Glasgow ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé. Bí Yorùbá etí wọn kò bá kọjá "wá jẹun" àti "lọ sùn", tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu, wọn á gbà pé èdè wa kò mọ̀nà kọjá ilé ìdáná. Ìdí nìyẹn tí a fi mú wọn lọ wo ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Scotland yòókù ń lọ wò, ṣùgbọ́n tí a fi Yorùbá wò ó láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Dundee gan-an ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1901 ló sì kọ́kọ́ bọ́ sómi. Àwọn ará ìlú náà ti ń lọ pa àbùùbùtán nínú òkun yìnyín tipẹ́tipẹ́, nítorí náà wọ́n mọ irú ọkọ̀ tó lè bá yìnyín jà. Òróró àbùùbùtán ni wọ́n tún fi ń mú okùn tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ rọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ Dundee nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ewédú ṣeré, ìdílé kan náà ni ewédú àti ewéko tí wọ́n ń bó okùn yẹn lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ò gbà wá gbọ́ títí olùkọ́ wọn fi fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n.

Pákó ni gbogbo ara ọkọ̀ Discovery. Òpó ìgbòkun mẹ́ta ló ní, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú sì wà nínú rẹ̀ fún ìgbà tí atẹ́gùn bá kọ̀. Àwọn ibì kan wà lára rẹ̀ tí pákó náà nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Yìnyín a máa fún ọkọ̀ mọ́ra, pákó a sì máa fara dà á níbi tí irin ti máa tẹ̀. Ìdí kejì ló dùn mọ́ àwọn ọmọ jù: yàrá kan wà lókè ọkọ̀ tí wọ́n ti ń wọn agbára òòfà ayé, wọn kì í sì í jẹ́ kí irin wà ní nǹkan bí 30 ẹsẹ̀ bàtà yí i ká, kó má baà da ìwọ̀n rú. Ìtọ́kọ̀ àti abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣeé fà sókè kúrò nínú omi bí yìnyín bá fẹ́ fọ́ wọn. Ẹ rí i pé àwọn tó kàn án ronú. Síbẹ̀, ó ń jò nígbà tó kọ́kọ́ rìn, ìdí rẹ̀ tó rí roboto sì mú kó máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú agbami, tí èébì ń gbé àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Kí a tó kúrò nílé, a pín ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó wọ ọkọ̀ náà lọ́dún 1901 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé ní 40. A yọ Captain Scott, olórí wọn, kúrò. Kì í ṣe pé a kórìíra wọn o, orúkọ wọn wà níbi gbogbo nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọn kò nílò ìrànlọ́wọ́ wa. A fún ọmọ kan ní Fred Dailey, káfíńtà ọkọ̀. A fún òmíràn ní William Lashly, tó ń kó èédú síná. Ọmọ kan gba Clarence Hare, ọ̀dọ́ ará New Zealand tó sọnù nínú ìjì yìnyín ní oṣù Kẹta 1902, tó sùn sábẹ́ yìnyín fún nǹkan bí wákàtí 36, tó sì dìde rìn padà wá sínú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Nínú ìjì kan náà ni George Vince yọ̀ ṣubú láti orí òkè yìnyín sínú òkun, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Ọmọ tó gba Vince kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni, ẹ bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ajá ló gba gbogbo ẹnu. Ní oṣù Kọkànlá 1902, Scott àti méjì nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀, Wilson àti Shackleton, kó ajá 19, wọ́n dorí kọ ìhà gúúsù. Pánlá Norway ni oúnjẹ àwọn ajá náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gba àárín ayé níbi tí ooru ti mú kọjá kí ó tó dé inú òtútù, pánlá yẹn sì ti bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn ajá ń jẹ ẹ́, ó ń ṣe wọ́n, agbára wọn ń tán, wọ́n ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ara wọn kò yá mọ́ ni wọ́n pa láti fi bọ́ àwọn tó kù. Kò sí ìkankan nínú 19 tó padà dé ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí ní gúúsù títí di ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó yí padà, ojú Shackleton sì rí màbo kí wọ́n tó padà dé ọkọ̀. Ọmọ kan tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ ìyá òun ni, òórùn pánlá náà nìkan ni wọn ì bá fi mọ̀.

Àwọn ènìyàn gan-an kò jẹun rere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn scurvy mú wọn: eyín ń mì, èrìgì ń wú, ẹsẹ̀ ń dúdú. Àìtó fítámì C nínú oúnjẹ ló ń fà á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì mọ fítámì C nígbà náà. Koettlitz, dókítà ọkọ̀, gbà pé májèlé inú oúnjẹ agolo ni. Nígbà tí Scott kò sí nílé, Armitage tó jẹ́ igbákejì pàṣẹ kí wọ́n máa jẹ ẹran síìlì, ẹranko inú òkun kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó sì lọ bá agbọ́únjẹ pé kó sè é kó ṣeé jẹ. Ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà ju ibi tí wọ́n ti ń ta àsíá lọ.

Nínú ọkọ̀, yàrá àwọn ọ̀gá dára lójú: tábìlì gígùn, pákó dídán, orúkọ lára ilẹ̀kùn. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń kó èédú sí ló wà lábẹ́ wọn, òtútù sì ń fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ tó ń sùn nínú àmákà móoru jù ú lọ. Àwọn ọmọ yín gbádùn èyí púpọ̀. Oòrùn kò yọ rárá fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin nínú ọdún 1902. Kí orí wọn má baà dàrú, wọ́n ṣe eré orí ìtàgé nínú ahéré tí wọ́n kọ́ sétí òkun, Shackleton sì jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń kọ fún ara wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ti ní àwọn náà máa ṣe tiwọn ní Yorùbá, ẹ ó rí i lára ògiri ní sáà tó ń bọ̀.

Ọdún méjì gbáko ni yìnyín fi há ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1904, ọkọ̀ méjì, Morning àti Terra Nova, dé pẹ̀lú àṣẹ pé bí Discovery kò bá tú sílẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n sì máa bọ̀. Nǹkan bí 20 máìlì yìnyín ló wà láàárín wọn. Wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ, ìgbì òkun sì bá wọn ṣe èyí tó kù, ó sì bọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ó ru ẹrù fún ilé iṣẹ́ Hudson's Bay tó ń ṣòwò ní Canada, ó kó àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán láàárín 1925 sí 1927, ó sì gúnlẹ̀ sí London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1986, ọkọ̀ ńlá mìíràn ló gbé e sẹ́yìn wá sí Dundee, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

Iṣẹ́ tiyín rèé. Ìdánwò ẹnu sáà yìí kò ní sí nínú kíláàsì nìkan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pe ìyá àgbà, bàbá àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n kan nílé, lórí WhatsApp tàbí fóònù lásán, kó fi Yorùbá ròyìn ẹni tí a fún un nínú ọkọ̀ náà. Ẹ jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ béèrè. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá àti yìnyín tán, wọ́n ní, "Ta ló rán wọn níṣẹ́ ná?" Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, ó gbé ìbéèrè náà wá fún wa, a sì sọ fún un pé ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ní London ni, Royal Society àti Royal Geographical Society. Ó tún padà pe ìyá àgbà láti lọ sọ fún wọn. Irú ìdánwò tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbọ́ ìròyìn náà àti ìbéèrè kan tí wọ́n béèrè sínú ìwé àṣetiléwá, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín, ẹ ṣeun, kò sí agolo kankan tí oúnjẹ ṣẹ́ kù sí nígbà tí a padà. Àwọn ọmọ mélòó kan mú fóònù wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má mú un. N kò ní dárúkọ, ẹ mọ ara yín.

Sátidé tó kẹ́yìn sáà yìí ni ìdánwò kíkọ, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ gééré. A ó wọlé padà ní Sátidé kejì lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ẹni tó bá ṣì jẹ gbèsè owó sáà yìí, kó wá rí akápò kí a tó tú ká. Bí ọwọ́ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ wá bá mi sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, a kò ní lé ọmọ ẹnikẹ́ni. Agogo kan ọ̀sán la ń ṣíwọ́. Àwọn olùkọ́ wa náà ní ọmọ nílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró de yín di agogo méjì mọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́