Ẹni tó tètè jẹ́wọ́ àti ẹni tó dúró dìgbà tí ẹlẹ́rìí dé kóòtù

Olóòtú,

Òǹkàwé yín kan fìbínú kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí adájọ́ fi ń gé ẹ̀wọ̀n adigunjalè kù torí pé ó jẹ́wọ́. Ó ní olè kì í ṣe ọmọdé tó fọ́ àwo. Mo mọ ohun tó ń dùn ún, nítorí wọ́n ti yọ ọ̀bẹ sí èmi náà rí. Síbẹ̀, n kò bá a lọ.

Ẹ̀yìn káńtà ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà, mò ń ka owó. N kò rántí ojú ọmọkùnrin náà dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo rántí: ó ń gbọ̀n débi pé ẹnu ọ̀bẹ náà ń kan bọ́tìnnì mi. Kámẹ́rà ká gbogbo rẹ̀. Ó dé kóòtù, ó lóun ò jẹ̀bi. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi retí ọjọ́ tí màá jẹ́rìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Nígbà tí ọjọ́ náà wá pé, bí mo ṣe jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́yà kan yọjú, ó ní, "Ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ lè máa lọ sílé." Bébà tí mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya níbi tí mo ti ń ká a.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti oṣù kẹfà ọdún 2017 fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ tó fojú ba kóòtù, wọ́n sábà máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fún un. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, yóò sì máa lọ sílẹ̀ títí dé ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ìgbẹ́jọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 6 di 4 fún ẹni tó tètè sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró dìgbà tí ẹlẹ́rìí dé, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n máa dá fún un ṣì máa ju ọdún 5 lọ. Òfin New South Wales ní Australia tún le sí i láti 2018: ìdá 25 nínú 100 fún ẹni tó jẹ́wọ́ kí ẹjọ́ tó kúrò ní kóòtù kékeré, ìdá 5 péré fún ẹni tó fà á dé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Wọn kì í fi ẹ̀dínkù yìí san ẹkún tàbí ìrònúpìwàdà o. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wo ìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ̀rí tilẹ̀ dá ṣáká, kámẹ́rà àti gbogbo ẹ̀, kò ní kí wọ́n má yọ ọ́. Ó korò lẹ́nu, àmọ́ ká ní adigunjalè tèmi jẹ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, oṣù mẹ́rìnlá yẹn ì bá jẹ́ tèmi.

Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, tó lè gba ẹ̀bi torí pé ọdún 4 sàn ju 6 lọ. Kí lọ́yà rẹ̀ rí ẹ̀rí olùpẹ̀jọ́ ná, kí wọ́n tó bi í bóyá ó jẹ̀bi.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí adájọ́ máa ka iye ọdún méjèèjì síta, èyí tí ì bá jẹ́ àti èyí tó kù, kí ẹnìkan sì pe ẹni tí wọ́n jà lólè láti ṣàlàyé fún un. Inú ìwé ìròyìn ni èmi ti ka tèmi.

Òǹkàwé yín,
Ẹni tó ti dúró lẹ́yìn káńtà rí