Fúnmi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun etí òkun yín yẹn

Òkun o, Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ọkọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ní Devon, ní ìlú ọba lọ́hùn-ún, ò yọ ẹ́ lẹ́nu jù? Màmá mi ní kí n kí ẹ láti Kàbbà, wọ́n ní kí o má jẹ́ kí òtútù wọ ẹ́ lára.

Mo gbọ́ voice note rẹ, mo sì wo fọ́tò ọkọ̀ yẹn títí. Ó dùn mí gan-an. Ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí iyanrìn bẹ́ẹ̀, okùn ìgbòkun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí o tún wá ní bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín àti pé inú ẹ̀ ló ń gbé, ilé ẹ̀ nìyẹn o! O ní gbogbo àdúgbò ń jiyàn ta ló máa gbé e kúrò, àwọn kan ní coastguard ni, àwọn kan ní ìjọba ni. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì lọ́yà ni mo wà, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni wàhálà ẹ̀. Coastguard yín ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń gbà, wọn kì í bá èèyàn wọ́ ọkọ̀ kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí. Tí olówó ọkọ̀ ò bá wá lágbára, tàbí tí wọn ò rí i mọ́, ẹni tó ni ilẹ̀ etí òkun yẹn ló sábà máa ń gbé ìnáwó náà, èyí tó túmọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí ìwọ náà ń san fún wọn lóṣooṣù sì ni.

Òfin ńlá kan wà lórí ẹ̀, Àdéhùn Nairobi tí wọ́n ṣe ní 2007, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2015, Nàìjíríà wà níbẹ̀, ìlú ọba náà wà níbẹ̀. Ó ní olówó ọkọ̀ ni kó sanwó kíkó àfọ́kù ẹ̀ kúrò, ó sì ní ọkọ̀ tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní insọ́ránsì tó máa san án. Ọkọ̀ bàbá yìí kéré sí ìyẹn jìnnà. Lọ́dọ̀ yín, òfin ò sọ ọ́ di dandan fún irú ọkọ̀ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ní insọ́ránsì, kódà wọn ò ní kó forúkọ sílẹ̀ tó bá jẹ́ àyíká ibẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ló ń ká mi lára, ọkọ̀ ńlá rẹ́ni san owó ẹ̀, tálákà tó ní ọkọ̀ kékeré ò rẹ́nì kankan.

Àmọ́ Fúnmi, iyàn yẹn ò lè dúró de òkun. Òkun máa ń kún jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà òṣùpá àranmọ́jú. Tó bá jẹ́ ìgbà tó kún bẹ́ẹ̀ ló gbé ọkọ̀ náà gòkè, ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí omi tó tún ga tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ní okùn, ìdákọ̀ró àti ọkọ̀ tó máa fà á nílẹ̀. Tí wọ́n bá pàdánù ẹ̀, ojoojúmọ́ ni omi máa máa gbẹ́ iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹ̀, irin wíwúwo ìsàlẹ̀ ẹ̀ á máa rì sí i, ara ẹ̀ á là, dísẹ́ẹ̀lì àti bátìrì á jò sínú omi, fáíbà tí wọ́n fi ṣe ara ẹ̀ ò sì ní jẹrà láéláé. Nígbà yẹn katakata ló máa kó o, ìnáwó ẹ̀ á sì ju iye ọkọ̀ lọ fíìfíì.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbí ló jẹ́ kí n máa pariwo. Nígbà tí omíyalé 2022 fà ní Lọ́kọ́jà, ó fi ọkọ̀ onípákó kan sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lápá Ganaja. Olówó ẹ̀ kó ọmọọṣẹ́ wá, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n lọ, a ò rí wọn mọ́. Ìṣó ti yọ síta lára pákó ẹ̀, ó ti dípẹtà, ọmọ kan fi ẹsẹ̀ gún un. Òfin NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi inú ìlú, ti wà láti 1997, olú ilé iṣẹ́ wọn Lọ́kọ́jà níbí náà ló wà, kíkó àfọ́kù ọkọ̀ kúrò lójú omi sì wà lára iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ̀wé lọ, kálukú rò pé ẹnìkejì ti lọ sọ. Orúkọ ọkọ̀ wà lára ẹ̀ ní ọ̀dà funfun, kò sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò títí oòrùn fi bó o. Nígbà tí òjò tún dé, Ọya gbé e, ó sì ya àwọ̀n àwọn apẹja, àwọn fúnra wọn ló wá fi ayùn rẹ́ ẹ.

Torí náà, lọ sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn lọ́la, ya orúkọ ẹ̀, tó bá ní nọ́ńbà tí SSR ṣáájú ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké lọ́dọ̀ yín, ya ìyẹn náà, kí o kọ ímeèlì sí ìjọba ìbílẹ̀ yín kíá. Bi bàbá bóyá ó nílò ẹni tó máa bá a pe àwọn afàkọ̀.

Àtùpà tí Tòmíwá gbé wálé látibi ọkọ̀ bàbá yẹn, jọ̀ọ́, dá a padà fún bàbá lónìí. Ní January 2007, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá MSC Napoli gúnlẹ̀ sí Branscombe, ní Devon yín níbẹ̀ náà, àwọn èèyàn ń ti ọ̀kadà BMW lọ ilé látinú ẹrù tó fọ́n sétí omi, ìjọba ní kí wọ́n wá jẹ́wọ́ ẹ̀. Ohun téèyàn bá kó nínú àfọ́kù ọkọ̀, ọjọ́ 28 ló ní láti fi sọ fún Receiver of Wreck, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun àfọ́kù ọkọ̀, olówó ẹ̀ sì ní ọdún kan láti wá gbà á. Ìwọ tí ìwé ìgbélùú rẹ ò tíì pé, má jẹ́ kí wọ́n rí ẹjọ́ kankan kà sí ẹ lọ́rùn.

Kí o fi fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi tí o bá ti yà á, màá bá ẹ kọ lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kó délẹ̀ dáadáa. Bá mi kí bàbá náà o.

Èmi ni,
Dúpẹ́