Ìwé tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí a ti pàtẹ ìwé àfọwọ́kọ ilẹ̀ Faransé kan tí awọ rẹ̀ dúdú, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ yín ń bi wá ni pé ṣé iná ló jó o. Àwọn mìíràn ní kí a bá àwọn pààrọ̀ awọ rẹ̀ kí àwọn tó san owó. Ẹ jọ̀wọ́, iná kò jó o. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Láyé àwọn ọba Faransé, bí ọba tàbí olorì bá wàjà, aṣọ dúdú ni wọ́n ń ta bo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé pàápàá a máa ṣọ̀fọ̀. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n pa láró dúdú ni wọ́n á fi dì í, wọ́n á fi irin gbígbóná tẹ àmì omijé, agbárí àti egungun sí i lára. Fàdákà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe iṣẹ́ náà dípò wúrà. Ọba Henri Kẹta, tó jọba láti 1574 sí 1589, fẹ́ràn irú àmì ikú bẹ́ẹ̀ lára ìwé rẹ̀ gan-an. Bí fàdákà bá sì pẹ́, ó máa ń ṣú. Ìdí nìyẹn tí omijé ara ìwé wa kò fi dán mọ́. A ò ní fọ̀ ọ́ o. Fàdákà náà fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó bá ha á, á ha á dànù.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú méjì ni, tí àlùfáà Bossuet sọ. Ó sọ ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1669, fún Henriette-Marie, ọmọ ọba Faransé, opó Charles Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1649. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Henriette, jókòó níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ọmọ yìí fi kú lójijì ní Saint-Cloud, nítòsí Paris, ẹni ọdún 26 péré. Bossuet kan náà ló tún dìde sọ̀rọ̀ ní Saint-Denis, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1670. Ó rán wọn létí pé ẹni tó fetí sílẹ̀ gidigidi níjelòó ni ọ̀rọ̀ wá kàn báyìí. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí a tú u, kí a tà á ní ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè gbé e kọ́ ògiri, ẹ má bínú, a ò ní ṣe é. A ò ní ya ìyá sọ́tọ̀, ká ya ọmọ sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pẹ̀lú pé kì í ṣe Bossuet ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Adàwékọ ló dà á kọ, iye tí a sì dá lé e fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọwọ́ Bossuet ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá rà á, kó má jẹ́ kí omi kàn án. Irin wà nínú tádàwá ìgbà náà, ọ̀rinrin sì máa ń mú kí ó jẹ pépà. Kó jìnnà sí oòrùn àti ojú fèrèsé.

Ẹ lè wá wò ó. Ẹ kàn fọ ọwọ́ yín, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ má sì fi ìpara kankan pa á. Ẹ kò nílò ìbọ̀wọ́. Kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ewé ìwé ṣe fẹ́lẹ́ tó, ibẹ̀ ló ti máa ń ya. Ẹ pè wá kí ẹ tó máa bọ̀, ká lè tẹ́ tábìlì sílẹ̀ dè yín.