Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Nípa Fíìmù Kan Tí Kò Jẹ́ Kí N Sùn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ sọ mí gidigidi lálẹ́ àná, nítorí mo tún wo In the Mood for Love, fíìmù tí Wong Kar-wai, olùdarí fíìmù ará Hong Kong, gbé jáde ní ọdún 2000, n kò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ bí mo ti lè bá ọ sọ ọ́.

Hong Kong ọdún 1962 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin Chan àti Ọ̀gbẹ́ni Chow kó dé ilé méjì tó fara ti ara wọn lọ́jọ́ kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì wá mọ̀ pé ọkọ obìnrin yìí àti ìyàwó ọkùnrin yìí ń yan ara wọn lálè. A kò rí ojú àwọn ọ̀dàlẹ̀ méjèèjì náà rárá. Ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí, torí pé ìbínú wa kò rí ibi bà lé, àwọn tí a ṣẹ̀ nìkan ló kù tí a ń wò.

Ohun tí a sì ń rí kò ju kí obìnrin náà máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró lọ ra oúnjẹ alẹ́, kí ọkùnrin náà máa gòkè bọ̀, kí orin kan náà sì máa dún. Aṣọ cheongsam, ìyẹn aṣọ ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Ṣáínà, tí obìnrin náà ń pààrọ̀ ló ń sọ fún wa pé ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ní òru kan, àwọn ará ilé jókòó ti ayò mahjong títí ilẹ̀ fi mọ́, Ìyáàfin Chan kò sì lè jáde nínú yàrá Ọ̀gbẹ́ni Chow nítorí ohun tí wọn yóò sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò ṣe ohunkóhun tó yẹ kó tì wọ́n lójú. Wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní dà bí àwọn tó dalẹ̀ àwọn.

Ibi tó pa mí lẹ́kún ni ibi tí wọ́n ti fi ìdágbére dánra wò, nígbà tí ọkùnrin náà ń múra àtilọ sí Singapore. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ obìnrin náà, ó rìn lọ, nígbà tó sì padà, obìnrin náà sunkún kíkorò lórí èjìká rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánrawò lásán ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tú jáde níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ní ọdún 1966, Ọ̀gbẹ́ni Chow sọ àṣírí rẹ̀ sínú ihò ara ògiri kan ní Angkor Wat, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Cambodia, a kò sì gbọ́ ohun tó sọ. Jọ̀wọ́, wá fíìmù náà wò, kí o kọ ohun tí ìwọ rò pé ó sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.