Lẹ́tà sí Àbíkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ làpálàpá igi

Ẹ̀bùté-Mẹ́tà, Èkó.
Ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Àbíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí o kọ láti Aberdeen tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú àwòrán ògiri òkúta iwájú ilé yín. Nǹkan tó rí bíi pé ẹnìkan fọ́ ẹyin sára òkúta yẹn, tí pupa rẹ̀ sì gbẹ mọ́ ọn, lichen ni, ohun alààyè kan tí ń dì mọ́ ara òkúta àti èèpo igi. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Xanthoria parietina, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní etí òkun lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. O béèrè bóyá èmi ṣì ń tọ́jú tèmi, o sì fẹ́ mọ bí ìwọ náà ṣe lè ní díẹ̀ lójú fèrèsé rẹ. N ó dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àwọn tí mo ti pa kí n tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá gbígbìn ni ó yẹ kí a pè é tàbí sísìn. Kò ní gbòǹgbò tí a lè rì mọ́lẹ̀, kò sì ní ẹnu tí a lè fi oúnjẹ sí. Mo ti fara mọ́ sísìn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti adìẹ ìbílẹ̀ tó ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó ń sìn ín má ṣáà ti dí i lọ́nà.

O rántí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí o tó lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka ńlá kan lára rẹ̀. Bí bàbá onílé ti jáde wá wò ó, àwọn àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó wà káàkiri èèpo ẹ̀ka náà ni ojú wọn lọ. Wọ́n ní làpálàpá igi ló pa á. Wọ́n ti po bílíìṣì sínú garawa, wọ́n sì ti ń wá búrọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò fi fọ ìtì igi náà látòkèdélẹ̀, nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, kì í ṣe àrùn.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n wá sọ ohun tó jẹ́ fún àwọn nígbà náà.

Mo sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Lichen kì í mu oje igi. Ara èèpo lásán ló dì mọ́, bí alángbá ṣe ń dì mọ́ ògiri láìjẹ ògiri. Omi òjò, ìrì, eruku inú afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ̀sùn kàn án ni pé ẹ̀ka tó ti ń kú fúnra rẹ̀ a máa wọ́wé, oòrùn a sì rí ààyè dé ara èèpo rẹ̀, lichen a sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó dé ibi òkú lẹ́yìn ni wọ́n mú bí apànìyàn.

Wọ́n tún béèrè pé ewé ni àbí olú. Mo ní méjèèjì ni. Olú, irú èyí tó bá èyí tí ń bu lórí búrẹ́dì tan, ló kọ́ ilé. Ohun tútù tíntìntín aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ń yọ̀ lára dọ́rọ́ọ̀mù omi, ló ń gbé inú rẹ̀. Olú kò lè fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ. Ohun tútù yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n lórí èèpo gbígbẹ nínú oòrùn, yóò ṣòro fún un láti dá wà láìsí òrùlé. Ní ọdún 1867, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Simon Schwendener sọ pé nǹkan méjì ló parapọ̀ di lichen. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ ìgbà náà nínú, pàápàá nítorí pé ó pe olú ní ọ̀gá, ó sì pe ìkejì rẹ̀ ní ẹrú. Èmi tí mo ń san owó ilé ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tà rò pé ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni: ṣúgà ni owó ilé, ojoojúmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ àti omi bá pàdé ni onílé sì ń gbà á. Ní ọdún 2016 ni Toby Spribille, onímọ̀ nípa lichen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kéde pé àwọn rí ìwúkàrà nínú awọ ìta ọ̀pọ̀lọpọ̀ lichen, ayálégbé kẹta tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ará ilé títí di ìgbà náà. Bàbá onílé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilé náà ti jọ tiwọn, wọ́n sì fi bílíìṣì náà fọ gọ́tà.

Mo wá fi ọ̀bẹ gé àwọn èèpo tó ní lichen kúrò lára ẹ̀ka tó ṣubú. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí a fi irin lọ̀, etí rẹ̀ là bí ọmọ ìka, ó sì jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Dirinaria. Ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi tirẹ̀, mo sì gbà pé Pyxine cocoes ni, tí wọ́n fi orúkọ igi àgbọn sọ. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: funfun ni, àwọn ilà dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sì wọ́ kiri ojú rẹ̀, bíi pé aáfà kan kọ hàǹtú sí i. Graphis ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì fún ìkọ̀wé. Má sì rò pé àjèjì ni lichen sí àwa méjèèjì o. Bébà litmus tí a fi ń dán omi ọ̀sàn wò ní kíláàsì kẹ́mísírì, ara lichen tí ń jẹ́ Roccella ni wọ́n ti ń yọ aró rẹ̀ láti ayébáyé.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Mo kó àwọn èèpo náà sínú ike ìrẹsì oníderí, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mo sì ń wọ́n omi ẹ̀rọ sí wọn bí ẹni ń tọ́jú ewébẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń fi hàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí irun funfun bí òwú fi hù bò wọ́n. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, òórùn tó jáde dà bíi ti aṣọ tí a ká pamọ́ kó tó gbẹ. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí mo ti kà á pé ní ọdún 2005, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Yúróòpù gbé lichen méjì kọjá afẹ́fẹ́ ayé, wọ́n ṣí wọn sílẹ̀ sínú òtútù àti ìtànṣán oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì padà wálé láàyè. Xanthoria elegans, ìbátan èyí tó wà lára ògiri yín, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yà tó la ìyẹn já ni mo fi ike ìrẹsì pa!

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé gbígbẹ kì í pa á, sísùn ló ń sùn. Bí omi bá kàn án, yóò jí, yóò máa mí, yóò sì máa ná oúnjẹ tó ti tọ́jú pamọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, owó tí ń wọlé yóò ju èyí tí ń jáde lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi í sínú omi lójúmọ́ nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, gbèsè lo ń kó o sí, olú àjèjì yóò sì wá jẹ ogún rẹ̀. Kí ó tutù, kí ó rí oòrùn, kí ó sì gbẹ pátápátá kí ó tó tún tutù, òun ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀. Omi òjò nìkan ni mo sì ń lò báyìí, nítorí oògùn tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ lè ṣe é ní jàǹbá.

Àwọn èèpo tó kù, mo fi òwú ìránṣọ so wọ́n padà mọ́ ìtì máńgòrò náà, mo sì rí i pé ojú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sí tẹ́lẹ̀ náà ni mo jẹ́ kí ó kọ. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi mílíìkì pa á kí ó lè tètè dàgbà. Mo pa á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èèrà ti tò láti ìdí igi dé orí rẹ̀, wọ́n sì bó díẹ̀ lára rẹ̀ lọ.

Èyí tí mo so sí ọ̀gangan jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì kò rójú. Láàárín oṣù mélòó kan, ó pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ sì ń ká sókè. Kò ní gbòǹgbò tí yóò fi yan oúnjẹ, ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń mu, títí kan èéfín. Ní ọdún 1866 ni William Nylander, onímọ̀ nípa lichen, ti ṣàkíyèsí ní ìlú Paris pé àwọn lichen tó wà nínú ọgbà Luxembourg kò sí ní àwọn ibòmíràn láàárín ìlú náà. Èmi náà ti wo tiwa: igi etí títì tí dánfó ń kọjá níwájú rẹ̀ kì í ní tó ti inú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́.

Dirinaria tó wà lápá ìlà-oòrùn ni ó ṣe dáadáa jù. Mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, mo fi báírò tọ etí rẹ̀. Nígbà tí mo tún fi ọ̀rá náà bò ó ní oṣù kẹfà ọdún yìí, ó ti fi mìlímítà méjì kọjá ilà náà, kò tilẹ̀ ju ìbú horo ìrẹsì kan lọ. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sáré jáde. Ojú rẹ̀ ní àwọn ibi tó ń hu ìyẹ̀fun bí èlùbọ́, onílé àti ayálégbé sì jọ wà nínú horo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ẹrù ìkólọ-sílé-tuntun ló ti dì sílẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán gbọ̀n díẹ̀ sórí èèpo mìíràn tó rí ṣákaṣàka. Oṣù mẹ́wàá ni n kò fi rí nǹkan kan. Ní báyìí, lábẹ́ awò, àwọn àmì eérú mẹ́rin wà níbẹ̀ tí kò tíì dá mi lójú pé wọn kì í ṣe eruku.

Ní tìrẹ, jọ̀wọ́, má ha ti ara ògiri yẹn. Wá òkúta kékeré tó ti já bọ́ pẹ̀lú lichen lára rẹ̀, gbé e sí ìta fèrèsé níbi tí òjò àti oòrùn ti lè bá a, kí o sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Má gbé e wọlé nígbà òtútù nítorí àánú; òtútù yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù yìí, bí o ti mọ̀ pé ó máa ń rí, nítorí náà ni mo bu ife omi òjò kan láti inú dọ́rọ́ọ̀mù láàárọ̀ yìí, mo sì rọra dà á sórí Dirinaria náà. N kò tíì ka oókan dé ogún tí awọ eérú rẹ̀ fi di tútù yọ̀yọ̀. Bàbá onílé ń fọ eyín lẹ́bàá kànga, wọ́n yọ pákò lẹ́nu, wọ́n ní, “Ṣé làpálàpá rẹ ti jẹun?”

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mojí