Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àìrí àti Ọ̀wọ́n Páàtì Gíábọ́ọ̀sì Ọkọ̀ Ojú Omi

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ,
Ìgbókòdá, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Alága wa,

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìgbókòdá la kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá wa wá ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà Ìgbókòdá tí a ó máa kó àwọn páàtì gíábọ́ọ̀sì tó tètè ń bàjẹ́ sí, kí a kọ iye wọn sára ògiri, kí tolówó tòtòṣì máa rí i kà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń rí. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí pròpẹ́là tó ń ti ọkọ̀ lọ wà, ni gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà. Inú rẹ̀ ni gíà iwájú, gíà ẹ̀yìn àti pínńọ̀n tó ń yí wọn ń gbé, inú ọ́ìlì sì ni gbogbo wọn wà. Ohun tó dènà omi kó má dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju ọ́ìlì síìlì lọ, rọ́bà róbótó tó yí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí pròpẹ́là, ká. Okùn àwọ̀n á lọ́ mọ́ ṣáàfù, á gé etí rọ́bà yẹn, omi iyọ̀ á sì wọlé. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì tó ń jáde á ti funfun bí ògì. Bí síìlì bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ó pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kì í sí nílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ á ní ká ṣáà bá òun da ọ́ìlì tuntun sí i, nítorí ìyàwó ń retí owó ọbẹ̀, àwọn èrò sì ti wà ní etí omi. Kò ní pẹ́, ìpẹtà á ti jẹ bẹ́árìn tó gbé ṣáàfù dúró, gíà á máa yẹ̀ lójú ibi tó yẹ kó ti pàdé pínńọ̀n, eyín rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọ̀rọ̀ tí owó rọ́bà ì bá parí á wá di ti gíà, pínńọ̀n àti bẹ́árìn lápapọ̀, torí gíà tuntun kì í bá pínńọ̀n tó ti jẹ gbé. Wọ́n á jẹ ara wọn run ni. Ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á dákú sí ńkọ́? Àárín omi ni, lójú ọ̀nà Awóyè tàbí Ayétòrò, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nínú ọkọ̀.

Bẹ́árìn kò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. 6205 ni 6205 níbi gbogbo: ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, láti etí dé etí jẹ́ 52, ó sì nípọn ní 15. Àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ ń tà á. Gíà ló le. Èkó la ti ń wá a, nígbà mìíràn Warri, a ó di èyí tó kán sínú ọ̀rá, a ó máa ka eyín rẹ̀ lórí fóònù fún ẹni tí a kò rí. Ní ti gíábọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ ńlá, orúkọ kan náà lè wà lára méjì, kí ọ̀kan jẹ́ 2:1, kí èkejì jẹ́ 3:1, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí pròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ara páànù kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ̀ mọ́ ọn ni èyí wà. Iyọ̀ ti jẹ púpọ̀ nínú páànù wọ̀nyí, ọ̀dà sì ti bo ìyókù. Tí a bá ra èyí tí kò bá a mu, olùtà kì í gbà á padà.

Iye owó wá ńkọ́? A kò di gbogbo ẹ̀bi ru olùtà. Gbogbo wa la mọ̀ pé dọ́là tí kò tó ₦500 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,400 nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, òkè òkun sì ni páàtì wọ̀nyí ti ń wá. Ṣùgbọ́n dọ́là kọ́ ló fà á tí síìlì kan náà fi ń jẹ́ iye méjì ní ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí ìdúró, wọ́n ń fá a lórí ni. Ayédèrú tún wà ńbẹ̀. Páálí rẹ̀ a máa dán ju ti ojúlówó lọ. Gíà gidi, tí a bá fi fáìlì ha eyín rẹ̀, fáìlì á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni. Ti ayédèrú, fáìlì á jẹ wọ inú rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ á sì bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Kì í ṣe owó la wá tọrọ. Àwa fúnra wa la ó dáwó ra ọjà àkọ́kọ́: síìlì, bẹ́árìn, ìmọ́pẹ́là tó ń fa omi tútù sí ẹ́ńjìnnì, gáskẹ́ẹ̀tì, àti gíà àwọn ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ jù lójú omi wa. Òṣìṣẹ́ yín kan ni kó máa wá yẹ ìwé ọjà wò lóṣooṣù. Àfikún Kẹrin (Fourth Schedule) Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ti fi ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó tún fi fífún àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké níwèé àṣẹ síbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín la fi ń bẹ̀ yín. Nípa ìwé àṣẹ yìí gan-an, ohun tó jẹ wá lógún jù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni pé kí akọ̀wé yín máa kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ohun tó wà lára páànù gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá wá gba ìwé, kí iyọ̀ tó pa á rẹ́. Ẹ tún bá wa bá àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láti Ọ̀rẹ̀ dé ibí sọ̀rọ̀, kí rìsíìtì kan tó fún ẹrù páàtì kan. Kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Àkúrẹ́ pé kí wọ́n wá wo irú gíà tí wọ́n ń tà fún wa.

Ẹ fún wa ní ọjọ́ tí a lè wá rí yín. A ó mú gíà tó kán àti fáìlì lọ́wọ́, kí ẹ lè fúnra yín ha á wò.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
fún àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, Ìgbókòdá.